Ògì lásán kò tó ọmọ o!

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti máa ń dúró de ọkọ̀ ní Toll Gate Ṣàngó kílẹ̀ tó mọ́, tẹ́ ẹ ń lọ síṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn jù. Bọ́mọ bá ti lé lóṣù mẹ́fà, ọ̀dọ̀ màmá àgbà tàbí alágbàtọ́ lẹ ń gbé e sí. Kí lẹ ń fi sílẹ̀ fún un? Ògì àti ṣúgà nínú fúláàsì. Ọmọ yó, kò sunkún, ẹ rò pé ó ti parí.

Kò tíì parí o. Bí purotéènì inú oúnjẹ bá dénú, ṣe ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yìí làwọn dókítà ń pè ní amino acid. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́. Ẹ̀yà ara kì í sì í pín in dọ́gba. Wọn kì í gbowó ibodè ní Toll Gate mọ́, orúkọ ló kù, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ ṣì ń gba tirẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ fi hàn pé ìfun lè lo tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn amino acid kan kí ìyókù tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á mú tirẹ̀, á fi ṣe albumin tí kì í jẹ́ kí omi máa jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan apá àti itan, tó ń yára dàgbà lára ọmọ, náà ń retí. Ìdí nìyí tí ọmọ oṣù méje sí ọdún kan fi nílò purotéènì gíráàmù 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ti àgbàlagbà kò ju 0.8 lọ.

Bí kò bá wá tó ńkọ́? Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára iṣan, apá á tín-ín-rín. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, irun á pupa rúsúrúsú, aládùúgbò á ní ọmọ yín ti sanra. Omi ni o, kì í ṣe ọ̀rá. Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933 ní Gold Coast, tó di Ghana, lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo tọ́. Orúkọ táwọn Gá ń pè é, kwashiorkor, ló fi pè é ní 1935. Ìgbẹ́ gbuuru náà máa ń dá kún un.

Lysine àti tryptophan inú àgbàdo kò tó. Àwa tún sẹ́ ẹ, purotéènì bá èérí lọ, ewúrẹ́ jẹ èrè! Ẹ̀wà ló ní lysine tí àgbàdo kò ní. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì ti ṣe ògì oní-sóyà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé, ṣùgbọ́n ẹ má fi sóyà tútù sí i, torí kì í jẹ́ kí purotéènì dà. Ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ yan án dáadáa. Edé lílọ̀, ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín náà dára, kọ́mọ sì máa mu ọmú títí á fi pé ọdún méjì.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bó bá jin kòtò tí kò tètè padà, tàbí tí ìwọ̀n yíká apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọsibítù ló kàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má kó ẹyin àti ẹran tì í lẹ́nu nílé o, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lè gbé e. Wàrà tí purotéènì rẹ̀ kéré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún.