Bẹ́ Ẹ Ti Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Ẹ Wo Ẹnu Wa Náà

Bí wọ́n bá gbé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wá sí àdúgbò wa, mo ti mọ ohun tí wọn yóò ṣe: wọn á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn á gún wa níka wo ṣúgà, wọn á ní ká dín iyọ̀ kù. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé, "Màmá, ẹ lanu." Lójú tèmi, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwa tá a ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ní 1989, àwọn olùwádìí ní Finland rí i pé ẹnu àwọn tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù bàjẹ́ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí mìíràn rí kòkòrò àìfojúrí inú erìgì nínú ọ̀rá tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Erìgì tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, egbò ni. Ojú egbò yẹn ni kòkòrò ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. N kò ní erìgì ló ń pa ọkàn. Ní 2012, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, sọ pé lóòótọ́ ni àrùn méjèèjì ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ń ba méjèèjì jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń polówó àgbo ẹnu pé ó ń wo àrùn ọkàn, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ní iyèméjì: kòkòrò ẹnu lè lọ bà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún un lóògùn kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò wa tó ń tu itọ́ pupa sí gọ́tà láràárọ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀jẹ̀ nìyẹn o." Ó rẹ́rìn-ín: "Pákò ló le, Màmá. Kò dùn mí rárá." Àìdunni yẹn gan-an ni wàhálà. Àrùn erìgì kì í sábà dunni títí eyín á fi máa mì.

Ìbéèrè méjì péré ni mo ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì fún: Ṣé erìgì yín ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣé eyín yín kankan ń mì? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n júwe dókítà eyín fún un. Bí ọkàn bá jàǹfààní níbẹ̀, èrè orí èrè ni. Bí kò bá sì jàǹfààní, a ó ṣì máa fi eyín ara wa fọ́ eegun ẹran Iléyá.