Ẹ Má Tètè Fọ́máàtì Dísíkì Onídísíkì



Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ òun gbé dísíkì kan ti Lọ́ńdọ̀n dé, àwòrán Ojúde Ọba èṣí ni ó kún inú rẹ̀. Macintosh ni ọmọ náà fi kó wọn síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Windows tí ó wà nílé sì ní àfi kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ kí ó tó ṣeé lò. Ṣé kí wọ́n gbà? Mo ní kí wọ́n má dán an wò! “Cancel” ni kí wọ́n tẹ̀.

Bí agbo-ilé ni dísíkì rí: a ní láti pín in sí yàrá, kí a sì kọ ìwé ìpín sí ẹnu ọ̀nà. Ìwé yìí ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kò dọ́gba. Èyí tí IBM gbé jáde pẹ̀lú DOS ní 1983, yàrá ńlá 4 péré ni ó gbà, kò sì lè wọn dísíkì tí ó ju terabyte 2 lọ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó yá, Intel bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń pè ní GPT. Yàrá 128 ni Windows ń gbà nínú rẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìpín náà sì wà ní ìparí dísíkì, bí ti iwájú bá bàjẹ́. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa tọ́jú ìwé orúkọ ọmọ iléèwé.

Apple ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn Macintosh àtijọ́, kí ó tó gba GPT ní 2006 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ Intel. Windows kò mọ ti àtijọ́ náà kà rárá, kí ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ fiyè sí i.

Bí ìwé ìpín tilẹ̀ bá bára mu, ìwé inú yàrá lè yàtọ̀. Macintosh ń kọ APFS, Windows ń kọ NTFS. Macintosh lè ka NTFS, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ bí a kò bá fi nǹkan mìíràn kún un. Windows ní tirẹ̀ kò lè ka APFS. Dípò kí ó jẹ́wọ́, ó ní kí a fọ́máàtì. Ó dàbí olùkọ́ tí kò mọ Lárúbáwá, tí ó rí wàláà ọmọ kéwú, tí ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dísíkì tí yóò máa lọ láàrin méjèèjì, kí ó yan exFAT nígbà tí dísíkì ṣì ṣófo. Bí ẹrù bá ti wà níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi Macintosh kó o sí ibòmíràn, kí ó ṣí i wò níbẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan dísíkì náà.