Kí A Béèrè Kí A Tó Já Ewé Oko

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí Òkè Ọya, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ewé a máa rú ní ẹ̀bá ọ̀nà àti ní etí oko. Àkókò yìí kan náà ni oúnjẹ ń wọ́n, nítorí pé àká ti ń gbẹ, irè tuntun kò sì tíì dé. Nígbà náà ni àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wa máa ń jáde lọ já ewé. A kò bá wọn wí. Ohun tí Ọlọ́run mú hù kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa ń gbà ṣì í. Àwọn kan ń pe gbogbo ewé tí ará Haúsá ń jẹ ní ewé ẹran; wọ́n á kúkú fi owó tí kò tó nǹkan ra ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ ní ọjà. Àwọn kejì gbà pé ẹni tí ó mọ ewé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ọ̀fà ti mọ ti Kánò àti ti Kàtsínà. Ti ìṣáájú ń fi ebi pa ilé rẹ̀ lásán. Ti èkejì lè fa ikú wọlé.

Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ níhìn-ín kì í ṣe àjèjì sí wa. Kuka tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni ewé oṣè tí a fi ń ṣe lúrù. Dorowa ni igi igbá tí a fi èso rẹ̀ ń ṣe irú. Tsamiya ni àjàgbọn. Orúkọ ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n inú oko olóko ni púpọ̀ nínú igi wọ̀nyí wà. Kí a tọrọ àyè kí a tó ká wọn.

Ewu wà níbi tí ohun méjì bá ti jọra. Tafasa ń hù nígbà òjò. Wọ́n ń já ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń pò ó mọ́ kúlíkúlí, iyọ̀ àti ata. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n rere, tí Haúsá ń pè ní rai dore, jọ ọ́ púpọ̀. Ewé wẹ́wẹ́ orí ọ̀pá kan tafasa sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà, ní méjì-méjì, orí wọn sì rí roboto. Ti rere máa ń jẹ́ mẹ́jọ sí méjìlá, orí wọn sì mú ṣóńṣó. Èso tafasa gùn, ó tínrín, ó sì tẹ̀ bí dòjé. Ti rere kúrú, ó sì pẹlẹbẹ jù ú lọ. Kóró rere ní oró. Ní ọdún 2007 àwọn oníṣègùn ní agbègbè Bijnor, ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ ọ́ jáde pé òun ni àwọn ọmọdé kan jẹ tí wọ́n fi dákú, tí wọ́n sì kú. Pé a ń fi ewé rẹ̀ se àgbo nílé kò sọ kóró rẹ̀ di ẹ̀wà.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa zakami pẹ̀lú, èyí tí òdòdó rẹ̀ rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tí ẹ̀gún sì yí èso rẹ̀ ká. Ó ń da orí rú, ó sì lè pani. Kóró lápálápá dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni ń tẹ̀lé e. Kóró làrà burú. Gúdúgúdú jọ iṣu, kì í ṣe iṣu.

Àwa oníṣòwò mọ̀ pé a kì í fi ojú kan ra ọjà. Kí a wo ewé, kí a wo òdòdó, kí a wo èso. Bí ó bá ku ẹyọ kan tí kò dá wa lójú, kí a fi í sílẹ̀. Pé ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo oró ni iná ń pa. Kí a má ṣe já ewé ní etí gọ́tà tàbí nínú oko tí a fín oògùn apakoríko sí. Bí ẹnìkan bá jẹ ohun tí kò dára, epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú èyí tí ó jẹ kù dání.

Ojú àlejò là, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyá Haúsá tí ó wà ní ìdí ògiri yín ti mọ ewé wọ̀nyí láti kékeré. Ẹ kí i, ẹ bi í, ẹ bá a lọ sí oko ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ mọ orúkọ ewé ní èdè rẹ̀ àti ní èdè wa, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ. A bẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé, kí wọ́n sì mú ewé náà wá pẹ̀lú gbòǹgbò, kí gbogbo wa lè fi ojú rí i. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.