TA LÓ SỌ PÉ ORÚKỌ ẸRÚ LÁSÁN NI SÙWÉBÁTÙ?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá lónìí, inú mi ò sì dùn sí ohun tó fà á.

Wọ́n pè mí sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkòsí. Bàbá ọmọ dìde, ó ní òun fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa jẹ́ Sùwébátù, orúkọ ìyá òun. Ata àti tòmátò ni ìyá yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún tà ní Mile 12 kó tó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú. Ó jókòó síbẹ̀ lórí ẹní, ó ń gbọ́. Ni aáfáà kékeré kan bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní orúkọ ẹrú ni Sùwébátù, pé ẹnu ará oko ló hun ún, kò sí nínú èdè Lárúbáwá. Ó ní kí wọ́n sọ ọmọ ní Sumayyah. Ojú ti bàbá ọmọ, ó gbà. Mo wo ìyá àgbà, etí ìborùn rẹ̀ ló ń ká mọ́ ìka. Èmi náà ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, n ò fẹ́ ba ayẹyẹ ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ wàyí.

Ta ni Sùwébátù? Thuwaybah ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ilé Abu Lahab, ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin bàbá Ànábì wa, ló ti ṣe ẹrú. Òun ló fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ́mú fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí Halimah tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn Banu Sa'd. Ó fún Hamzah náà lọ́mú, ó fún Abu Salamah. Ọmú yìí kì í ṣe ìtàn lásán o. Nígbà tí wọ́n bi Ànábì bóyá òótọ́ ni pé ó fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin Abu Salamah, ó ní kò tọ́ sí òun, torí pé Thuwaybah ló fún òun àti bàbá ọmọ náà lọ́mú. Ó wà nínú àkójọ hádíìsì Bukhari. Orúkọ tó ti ẹnu Ànábì jáde nínú òfin ìgbéyàwó, òun la wá ń pè ní orúkọ ará oko ní Ìkòsí!

Abu Lahab dá a sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ìgbà tó jẹ́, ìyẹn ò sì dí wa lọ́wọ́. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí Ànábì ti ṣí lọ sí Mẹ̀dínà, ó ń fi aṣọ àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i ní Mẹ́kà, títí ìròyìn ikú rẹ̀ fi dé lẹ́yìn ogun Khaybar, ní ọdún keje Hijira (628).

Ó ṣe ẹrú, lóòótọ́. Sumayyah tí aáfáà wa fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Ẹrú ni òun náà ní Mẹ́kà, kó tó di obìnrin tó kọ́kọ́ kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Bilal ńkọ́? Ẹ pe Bílálì ní Kétu tàbí Alápẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo iye ọmọ tó máa yíjú. Àbí ẹrú sàn ju ẹrú lọ ni?

Ànábì máa ń pààrọ̀ orúkọ tó bá lábùkù. Ọmọbìnrin kan ń jẹ́ 'Asiyah, ìyẹn aláìgbọràn, ó sọ ọ́ di Jamilah. (Kì í ṣe Asiyah ìyàwó Fir'aona o. Ẹnu Yorùbá ló pa méjèèjì pọ̀, lẹ́tà wọn ò papọ̀.) Àbùkù wo ló wà lára Thuwaybah? Orírun kan náà ni òun àti láádá, ìyẹn thawab, ti wá.

Ti pé ẹnu ará oko ló hun ún, ẹ lọ sí Mile 12 láàárọ̀, níbi tí ọkọ̀ tòmátò òkè ọya ti ń já ẹrù. Ẹ ó gbọ́ tí Hausa ń pe ọmọ rẹ̀ ní Suwaiba. Orúkọ kan náà ni. Wọn ò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, àwa náà ò ní i, "s" la jọ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn Tọ́kì ń pe Khadijah ní Hatice, ará Sẹ̀nẹ̀gà ń pe Fatimah ní Fatou, ta ló ní wọn kì í ṣe mùsùlùmí? "Tù" tó kẹ́yìn tiwa yìí gan-an, Lárúbáwá pọ́nńbélé ni. Thuwaybatu ni ẹni tó kọ́ kéwú dáadáa máa kà á, bó bá pe gbogbo àmì orí rẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kàwé ni wọ́n ṣe mú un. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, àwọn Lárúbáwá fúnra wọn ló ń gé e.

Mi ò ní kí wọ́n gba Sumayyah lọ́wọ́ ọmọ náà, orúkọ ńlá ni, ọmọ sì lè jẹ́ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n aáfáà wa mọ ojúlé náà. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè, ilé ló ń wà látàárọ̀, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lọ sọ́jà mọ́. Kó lọ bá a, kó jókòó tì í lórí ẹní, kó sọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún un.