Ohun tí ó ń jó ewé lè jó ẹ̀dọ̀fóró wa



Bí a bá fọ́n paraquat sí koríko ní àárọ̀, tí oòrùn sì mú, koríko yóò ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, yóò gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Ọ̀pọ̀ wa mọ oògùn yìí sí Gramoxone. Inú wa a sì dùn, a ní: «Oògùn yìí múná!» Ṣùgbọ́n kí ni ó pa koríko náà gan-an? Lójú tèmi, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní gbé e wọlé mọ́.

Ewé ni ilé ìdáná ohun ọ̀gbìn. Ní ọdún 1779, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Jan Ingenhousz fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni apá tútù lára ohun ọ̀gbìn ti ń tú afẹ́fẹ́ rere jáde. Àwọ̀ tútù yẹn ni a ń pè ní klorofíìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú agbára oòrùn.

Bí oòrùn bá kan ẹyọ klorofíìlì kan, ó gba agbára náà, ó sì fi fún èkejì rẹ̀, bí ọmọ oko ṣe ń gba agbọ̀n àgbàdo lọ́wọ́ ara wọn títí dé ẹ̀gbẹ́ àká. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì kan tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àwọn yìí kì í fi agbára náà fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹlẹ́kítíróònù kan ni wọ́n ń jù sílẹ̀. Ẹlẹ́kítíróònù ni ohun kékeré tí ń rìn nínú wáyà tí iná fi ń tàn. Ó lọ sí apá kan, àyè rẹ̀ ṣófo ní apá kejì, bí orí méjèèjì bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Ewé kì í jẹ́ kí ó padà. Ó fa òmíràn yọ lára omi láti fi dí àyè tí ó ṣófo. Ohun tí ó kù lára omi náà ni ọ́síjìn tí à ń mí símú. Ẹlẹ́kítíróònù tí ó ti lọ ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, oòrùn tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tí ewé yóò fi rí agbára se oúnjẹ.

Ìparí ọ̀nà yìí ni paraquat ti ń ba dè é. Ó já ẹlẹ́kítíróònù gbà, ó sì gbé e fún ọ́síjìn. Ọ́síjìn náà di èyí tí ń buni jẹ, ó sì ń jẹ ara ewé. Paraquat kò tán níbẹ̀: ó padà wá jí òmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi ń yára pani nígbà tí oòrùn bá mú. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe láti yè ni ó fi pa á.

Àwa kò ní klorofíìlì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítíróònù ń rìn nínú ara tiwa náà, paraquat sì ń jí i bákan náà. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń kó ara rẹ̀ jọ sí jù, níbi tí ọ́síjìn pọ̀ sí. Ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà. Kò sí oògùn tí ń pa oró rẹ̀. Ewu bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà á láàyè mọ́ láti ọdún 2007. Àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Àwa tí oko wa súnmọ́ ẹnubodè, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ohun tí à ń rà lọ́jà.

Ẹlòmíràn yóò ní: «Owó alágbàṣe wọ́n, ẹ̀yìn sì ń dùn mí.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n paraquat kì í pa gbòǹgbò. Ẹ̀kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ yóò tún hù, ìwọ yóò sì tún ra oògùn. Ní gúúsù Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ti fi mukúná bo oko tí ẹ̀kan gbà. Ẹbí wèrèpè ni, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbìn kì í yún ni. Ó ń bo oòrùn mọ́ ẹ̀kan lójú. Ẹ̀kan tí kò rí oòrùn, kí ni yóò fi se oúnjẹ? Ewé mukúná tí ó jábọ́ a sì di ajílẹ̀.

Bí ìgò rẹ̀ bá ṣì wà nílé yín, ẹ má ṣe dà á sínú ìgò ọtí tàbí ti omi láéláé. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Bí ó bá kan ara, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ẹ mú ìgò náà dání. Bí ó tilẹ̀ ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, ẹ má ṣe gbà. Oró rẹ̀ máa ń fara pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òjìji ṣẹ́gun koríko. Oko tí a fi ẹ̀mí ro, ta ni yóò kórè rẹ̀?