Ẹni Ẹlẹ́ni Ní Í Rí Tẹni

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bó ti wù kí ojú èèyàn mú tó, kì í yí sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí onígbàjámọ̀ fi máa ń gbé dígí sẹ́yìn orí oníbàárà nígbà tó bá gẹ irun tán, kí onítọ̀hún lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó gún tàbí ó wọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá dígí jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fẹnu sọ ohun tí dígí ì bá fi hàn, ọ̀rọ̀ á yí padà. "Kí ni mo ṣe fún un?" "Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀." "Ìlara ni." Kò sẹ́ni tó tún rántí àṣìṣe náà mọ́, ẹni tó sọ ọ́ ló kù tí wọ́n ń sọ.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá gbé bùbá tí ọmọṣẹ́ rán, ó yí i sódì, ó na ojú rírán rẹ̀, ó sì rí i pé apá òsì kúrú ju tọ̀tún lọ. Bó bá sọ pé, "Tú apá yìí, kó o wọ̀n ọ́n mọ́ èkejì kó o tó tún un rán," ọ̀rọ̀ bùbá ló sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń sọ kọ́ nìyẹn. "Ṣé ọ̀dẹ̀ ni ọ́ ni?" "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyí?" Bùbá ti jáde nínú ọ̀rọ̀ báyìí, ìyá ọmọ àti ilé tó ti wá ló wọlé. Ta ni wọ́n á kan ilé bàbá rẹ̀ tí kò ní gbaná jẹ? Bó bá sì pẹ́, ẹlòmíràn lè fi pẹ̀lẹ́tù tọ́ ọmọ náà sọ́nà, èébú náà ló máa gbọ́, nítorí ohun tó ti mọ́ ọn létí nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní 1996, onímọ̀ méjì, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi, ṣàkójọ ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún èèyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Èsì tó lé ní 600 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Lápapọ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ dára sí i. Àmọ́ nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ burú sí i. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá darí ọkàn sí iṣẹ́, ọwọ́ á tún iṣẹ́ ṣe. Bó bá darí ọkàn sí irú ẹni téèyàn jẹ́, ọkàn á pa iṣẹ́ tì, á máa gbèjà ara rẹ̀.

Gbígbèjà ara ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbẹ̀mí. Ignaz Semmelweis, dókítà ará Hungary, ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀: àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń gbẹ̀bí ní ọ̀kan, àwọn obìnrin agbẹ̀bí ló wà ní èkejì. Ní 1846, nínú 100 ìyá tó bímọ sí ti àwọn dókítà, ó lé ní 11 tó kú. Ní ti àwọn agbẹ̀bí, wọn kò pé 3. Àwọn aboyún mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ti dókítà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ Semmelweis, ọ̀jọ̀gbọ́n Jakob Kolletschka, kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gé e lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń la òkú. Ohun tí wọ́n bá nínú ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ibà tó ń pa àwọn abiyamọ ń ṣe nínú ara wọn. Ibẹ̀ lojú Semmelweis ti là: àwọn dókítà ń la òkú láàárọ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ fọwọ́ kan aboyún. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọwọ́. Ní oṣù kẹrin, ṣáájú àṣẹ yẹn, ìyá 18 nínú 100 ló kú. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti já sí bíi 2.

"Ẹ fọwọ́" ni Semmelweis sọ. "Ẹ̀yin lẹ ń pa wọ́n" ni ọ̀pọ̀ dókítà gbọ́. Lóòótọ́, wọn kò tíì mọ̀ nípa kòkòrò àrùn dáadáa nígbà náà, Semmelweis fúnra rẹ̀ sì pẹ́ títí di 1861 kó tó gbé ìwé rẹ̀ jáde, nítorí náà àwọn kan ní ìdí láti jiyàn. Síbẹ̀, kò rọrùn fún ẹni tó ka ara rẹ̀ sí olùgbẹ̀mílà láti gbà pé ọwọ́ òun ni ikú ń bá wọlé. Gustav Michaelis, dókítà ní ìlú Kiel ní Jámánì, gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi náà. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ obìnrin kan wà tó yẹ̀ wò nígbà tó bímọ, tí ibà sì pa. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1848.

Semmelweis rí ìpàkọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kedere, kò rí tirẹ̀. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbangba, ó pè wọ́n ní apànìyàn. Ó tọ́ kí inú bí i. Àwọn ìyá ń kú. Ṣùgbọ́n ta ló máa tìtorí ẹni tó pè é ní apànìyàn lọ fọwọ́? Òwe náà kò yọ ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà sílẹ̀. Òun náà ní ìpàkọ́, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ David Yeager àti Geoffrey Cohen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán ọ̀rọ̀ ohùn yìí wò nílé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Àwọn ọmọ 44 kọ àròkọ nípa akọni wọn, àwọn olùkọ́ sì sàmì sí àṣìṣe wọn. Wọ́n wá lẹ ìwé pélébé mọ́ àròkọ kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn kan kàn sọ pé kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni olùkọ́ fi kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ti àwọn yòókù sọ pé olùkọ́ kọ ọ́ nítorí pé ohun gíga ló ń retí lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè dé ibẹ̀. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó gba ìwé àkọ́kọ́, ìdá 17 péré nínú 100 ló tún àròkọ wọn kọ. Nínú àwọn tó gba èkejì, ó lé ní 70. Àwọn tí kò fọkàn tán ilé ìwé tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní jù. Àwọn olùkọ́ kò mọ ọmọ tó gba èyí tàbí ìyẹn, kò sì sí ọmọ kankan tí wọ́n tìtorí ìwé pélébé náà fojú fo àṣìṣe rẹ̀.