Afẹ́fẹ́ Ènì Ni, Kì í Ṣe Afẹ́fẹ́ Àpọ̀jù



Láìpẹ́ yìí ni mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ojú-ìwé kan tó dá lórí ìléru tí a fi ń sun pàǹtí ilé-ìwòsàn, pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní excess air ní "afẹ́fẹ́ àpọ̀jù". Mo fàgi lé e. Inú wọn kò dùn.

Ìdí rèé. Bí Yorùbá bá ti ní nǹkan pọ̀jù, ẹ̀bi ti wọ̀ ọ́. Iyọ̀ tó pọ̀jù, ọbẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ìléru bá ka "afẹ́fẹ́ àpọ̀jù", ojú afẹ́fẹ́ ni yóò lọ tì. Bí ó bá sì tì í, pàǹtí kò ní jóná tán mọ́. Èéfín dúdú ni yóò máa jáde, pẹ̀lú CO, gáàsì olóró tí kò ní òórùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kílò kábọ́ọ̀nù 12 ń fẹ́ kílò ọ́síjìn 32 kí ó tó jóná tán. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 lọ, bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n. Nítorí náà, kílò kábọ́ọ̀nù kan yóò gba nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 11.5. Ìwọ̀n gééré nìyẹn. Ṣùgbọ́n pàǹtí kì í ṣe èédú: rọ́bà, òwú tútù àti bébà ni a jọ dà sínú iná kan náà, afẹ́fẹ́ kò sì lè dé ara gbogbo wọn lọ́gbọọgba. A ní láti fi kún un.

Kí ni ìyá tó ń ta gàrí ń ṣe? Ó wọn kóńgò kún, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Ènì ni. Mo dá a lábàá pé kí a máa pe tiwa náà ní afẹ́fẹ́ ènì.

Inú èéfín ni a ti ń wá ènì yìí. Bí a bá fi àyè tí ó gbà wò ó, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí 20.9 nínú 100 afẹ́fẹ́. A ó wọn èyí tó ṣẹ́kù nínú èéfín gbígbẹ, a ó yọ ọ́ kúrò nínú 20.9, a ó fi ìyókù pín in, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ó bá jẹ́ 7, ènì jẹ́ nǹkan bí 50 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 11, èyí tí òfin Yúróòpù fi ṣe òdiwọ̀n fún ìsunpàǹtí, nǹkan bí 111 ni: ènì ju ọjà lọ!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ènì kò lè pọ̀jù?" Ìbéèrè gidi. Ó lè pọ̀jù. Afẹ́fẹ́ tútù a máa pa iná kù, bẹ́ẹ̀ òfin Yúróòpù kan náà ní kí gáàsì wà ní ìgbóná 850°C, ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú-àáyá 2. Níbẹ̀ ni àpọ̀jù ti rí iṣẹ́ ṣe: ènì àpọ̀jù.

Ti combustion efficiency kò le. Mo pè é ní ìwọ̀n ìjónátán. A ó pín CO2 pẹ̀lú àpapọ̀ CO2 àti CO, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí CO2 bá jẹ́ 10 nínú 100, tí CO jẹ́ 0.01, ìjónátán jẹ́ 99.9. Iye yìí ni òfin Amẹ́ríkà béèrè, ó kéré tán, lọ́wọ́ ẹni tó ń sun àwọn kẹ́míkà PCB. Kì í kúkú ṣe ẹ̀rí pé èéfín ti mọ́. Dioxin lè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ènì lọ, kí ó mú un wá. Ẹ tún bá mi wá orúkọ fún incinerator fúnra rẹ̀: ìléru ni mo ń lò, ṣùgbọ́n iná alágbẹ̀dẹ ni ó ṣì ń wá sí mi lọ́kàn.